Òdèkú Wọ Agolo, Owó Ìgò Bọ́ Lọ́rùn Ọlọ́tí

Tí èèyàn bá gba Ìkòtún kọjá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tó forí lé Ìgàndó tàbí tó yà sí ìhà Ẹgbẹ́dá, á rí i pé agolo ti ń bá ìgò du àyè lórí tábìlì àwọn ọlọ́tí. Òdèkú, ọtí dúdú onígò gìdìgbà tí àwọn bàbá wa ń mu, òun náà ti wọ agolo. Àwọn géndé mìíràn kì í tilẹ̀ wo ojú ìgò mọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ṣé ọtí inú agolo wá dùn ju ti inú ìgò lọ ni?

Rárá o. Ọtí kan náà ni. Ohun tó mú agolo wuyì kò sí nínú ọtí, ọ̀rọ̀ owó ló wà níbẹ̀.

Ẹ bi ìyá ọlọ́tí tó ti pẹ́ nídìí òwò. Ẹni tó bá fẹ́ ta bíà onígò, kì í ṣe owó ọtí nìkan ló ń san. Á san owó ìgò, á san owó kréètì. Ìgò ńlá méjìlá ló wà nínú kréètì kan. Kí oníbàárà kan fìbínú fọ́ méjì, kí òmíràn gbé ọ̀kan lọ sílé kó má dá a padà, ọlọ́tí ni gbèsè náà já lé lórí. Owó tí ì bá fi ra ọjà kún ọjà, inú òfìfo ìgò ló há sí. Ti òde ìnáwó tún wá burú jù. Ẹni tó sin òkú ìyá rẹ̀ lánàá, tó yẹ kó sinmi, ẹ ó bá a lówùúrọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ àga, tó ń ka ìgò.

Agolo kò ní wàhálà yẹn. Sanwó, gbé ọjà, ó parí. Kì í fọ́ nínú Márúwá, ó fúyẹ́, ó sì máa ń tètè tutù nínú yìnyín, èyí tó ṣe pàtàkì níbi tí iná kò ti dúró sójú kan. Àwọn oníjìbìtì lè rọ ìgbàkugbà sínú ìgò tó ti ṣófo kí wọ́n sì tẹ ìdérí mìíràn mọ́ ọn; ṣùgbọ́n agolo tí wọ́n ti fa ẹnu rẹ̀ ya, ta ló máa dí i padà ní kọ̀rọ̀ yàrá?

Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ ṣe ìṣirò o. Ìgò òdèkú ńlá jẹ́ 60cl, agolo rẹ̀ jẹ́ 33cl, ìyẹn ni pé agolo kan fi díẹ̀ ju ìdajì ìgò lọ. Ẹni tó bá gbé agolo méjì ló tó mu ìgò kan, kó wá ro iye tó san. Agbára rẹ̀ kò sì yí padà: ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Ọtí yìí ti rìn jìnnà. Ní ọdún 1759 ni Arthur Guinness háyà ibi ìpọntí kan ní Dublin, olú ìlú Ireland, fún 9,000 ọdún, pọ́n-ùn 45 lọ́dún. (Onílé Èkó wo ló máa fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀!) Ní 1962 ni wọ́n kọ́ ibi ìpọntí ilé-iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà sí Ìkejà, tí kò jìnnà sí Ẹgbẹ́dá rárá. Nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n má kó ọkà báálì wọlé mọ́ láti 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ń pọn ọ́n. Ìyẹn ni pé ọtí Ireland yìí ti di ìbátan ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ Tolaram ra ìpín tó pọ̀ jù níbẹ̀ lọ́wọ́ Diageo.

Ti agolo fúnra rẹ̀, Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1935. Èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun nígbà mìíràn, tí nǹkan ń ró kórókóró nínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù oníke kékeré ló wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fún mọ́ inú bọ́ọ̀lù náà. Tí wọ́n bá ti ṣí agolo, afẹ́fẹ́ yẹn á tú jáde, ọtí á sì hó bíi ti inú àgbá. Ọdún 1988 ni Guinness kọ́kọ́ gbé irú ọgbọ́n yìí jáde. Àwọn tó ń rò pé èyí tó wá láti òkè òkun le ju tiwa lọ, irọ́ ni. Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ le tó o ní ìlọ́po méjì.

Ẹ̀yin aboyún àti abiyamọ, ọ̀rọ̀ kan rèé fún yín. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ ni pé ọtí dúdú ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń fún àwọn ìyálọ́mọ mu ní Ireland nígbà kan. Àwọn dókítà kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ inú á mu nínú rẹ̀. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́ yín.

Agolo tó ṣófo náà kì í ṣe ìdọ̀tí. Ní ààtàn Solous ní Ìgàndó, àwọn tó ń ṣa á ti fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kílò ni wọ́n fi ń tà á, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ á yọ́ ọ, wọ́n á fi rọ ìkòkò ọbẹ̀. Ọlọ́tí tí ojú rẹ̀ là kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá ṣa tirẹ̀ lábẹ́ àga mọ́. Inú àpò ló ń kó o sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, títí tí oníkílò yóò fi dé.