Kádàrá Kọ́, Ìsúnmọ́ra Ọkọ̀ Ni

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ẹ má wọ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti ìrun tàbí ti ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ni ó dá lé lórí. Ìyẹn ni àlàfo tí ó yẹ kí ó wà láàrin ọkọ̀ kan àti èkejì lójú títì.

Ní ọjọ́ Àlàmíìsì kan, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, ní ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978. Àwọn ìyá oníṣòwò ni ó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n ní kí n ṣe àdúà ìrìn-àjò, mo sì ṣe é, gbogbo wa ṣe àmín. Kò pẹ́ tí a gbéra ni dẹ́rẹ́bà wa lọ lẹ̀ mọ́ ìdí lọ́rì kan tí ó ru sìmẹ́ǹtì. Àwọn ìyá ń pariwo pé, “Dẹ́rẹ́bà, sáré, ọjà ti ń tú!” Èmi mọ̀ pé ohun tí ó ń ṣe kò dára, ṣùgbọ́n ojú tì mí láti sọ̀rọ̀. Mo dákẹ́.

Nígbà tí a sún mọ́ Ògèrè, lọ́rì náà tẹ bíréèkì lójijì. Dẹ́rẹ́bà wa náà tẹ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́: a rọ́ lu ìdí lọ́rì. Ọlọ́run yọ wá, ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n apá ìyá aláṣọ kan tí ó jókòó níwájú kán. Bí a ti ń gbé e sọ̀kalẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń wí pé, “Àmúwá Ọlọ́run ni.” Wọ́n wo ojú mi pé kí n fi àṣẹ sí i. Ẹnu mi kò gbà á.

Òdodo ni pé kádàrá wà, ara ìgbàgbọ́ wa ni. Ṣùgbọ́n nínú àkójọ hádíìsì Tirmidhi, ọkùnrin kan bi Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) bóyá kí òun so ràkúnmí òun, tàbí kí òun fi í sílẹ̀ kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Ànábì ní kí ó so ó ná, kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé E. Àlàfo ni okùn tí dẹ́rẹ́bà fi ń so ràkúnmí tirẹ̀. Ẹ sì rántí pé nínú Súrátù Nísáì, ẹni tí ó ṣèèṣì pa onígbàgbọ́ pàápàá ní owó ẹ̀mí láti san fún ẹbí òkú, àfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀, ó sì ní ìtánràn láti ṣe. Bí “àmúwá Ọlọ́run” bá ti parí ọ̀rọ̀, kí ni ìtánràn wà fún?

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Ọkọ̀ tí ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń rin mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí ọkọ̀ kékeré tó dúró jẹ́ẹ́ lórí ọ̀nà gbígbẹ, yóò gbà tó mítà 50. Bí òjò bá rọ̀, ó lè di ìlọ́po méjì. Bí ẹrù bá sì wúwo, àyè tí yóò gbà yóò pọ̀ sí i.

Àwọn tí ó mọ òfin ọ̀nà ní kí àlàfo tó ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó kéré tán. Dẹ́rẹ́bà lè ṣe é báyìí: bí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá lára igi tàbí òpó kan, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Bismillahi Rahmani Rahim ní ẹ̀sọ̀. Bí ó bá dé ibi igi náà kí ó tó kà á tán, ó ti sún mọ́ ọn jù. Kí ó dẹ ẹsẹ̀. Lábẹ́ òjò, kí ó kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì. Yóò ní bí òun bá fi àyè sílẹ̀, ẹlòmíràn yóò já wọ ibẹ̀. Kí ó já wọ ọ́! Kí ó tún fà sẹ́yìn.

Ẹ̀yin ìyá oníṣòwò, ẹ̀yin ni ẹ ń sanwó ọkọ̀, ohùn yín ni dẹ́rẹ́bà ń gbọ́. Ẹnu tí ẹ fi ń ní kí ó sáré, ẹ fi sọ pé kí ó rọra. Ẹ̀yin Ààfáà ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá ṣe àdúà tán, kí a má ṣe dákẹ́. Nígbà tí mo lọ kí ìyá aláṣọ náà nílé, ohun tí ó sọ fún mi ni pé, “Ààfáà, ká ní ẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ni, à bá gbọ́.”

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí Ọlọ́run Ọba mú wa lọ, kí ó mú wa bọ̀. Àmín.