Ẹ Kọ́ Ọgbọ́n Èèrà Lókè Òkun

Àwọn kan nínú wa ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, iṣẹ́ sì tún ti gbé wọn lọ sí Dubai. Ìjọba ibẹ̀ kì í gba owó orí lórí owó oṣù. A bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ alẹ́ ń bọ̀, èèrà inú Òwe 6:6-8 kò sì dúró dìgbà òjò kí ó tó kó oúnjẹ jọ.

Ibikíbi tí ọmọ ìlú Amẹ́ríkà bá ti ń ṣiṣẹ́ láyé, ìjọba rẹ̀ ń béèrè owó orí lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹfààní kan wà: ẹni tí ibùjókòó iṣẹ́ rẹ̀ wà lókè òkun, tí ó sì lo 330 ọjọ́ níbẹ̀ láàárín oṣù 12, lè fi fọ́ọ̀mù 2555 yọ owó iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lábẹ́ owó orí. Ní ọdún 2025, ó tó 130,000 dọ́là.

Ibí yìí ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Owó iṣẹ́ tí a yọ kúrò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kà fún àpò ìfẹ̀yìntì tí à ń pè ní IRA. Bí ẹ bá yọ gbogbo rẹ̀, lójú òfin IRA, ẹ kò rí kọ́bọ̀ gbà. Bí ẹ bá wá fi 7,000 dọ́là sí i, ìtanràn ìdá 6 nínú 100 ni, 420 dọ́là lọ́dọọdún, títí a ó fi tún un ṣe. Ní ọdún 5, ó di 2,100! Ẹni tí ó bá ti ṣe é, kí ó tètè yọ owó náà àti èrè rẹ̀ kí àkókò fífi ìwé owó orí ránṣẹ́ tó kọjá.

Kí ni kí a ṣe?

Èkíní, bí owó yín bá ju iye tí a lè yọ kúrò lọ (130,000 ní ọdún 2025), èyí tí ó lé ni ẹ lè fi sínú IRA, kò gbọdọ̀ ju ààlà ọdún náà lọ: 7,000 ni ní ọdún 2025. Ẹni 50 ọdún sókè, 8,000 ni ní ọdún 2025.

Èkejì, bí ọkọ tàbí aya bá ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tí ẹ sì jọ fi ìwé owó orí kan ránṣẹ́, owó iṣẹ́ rẹ̀ lè gbé IRA ẹni méjèèjì.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá jẹ́ Nàìjíríà ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́, tí ẹ ń san owó orí níbẹ̀, ẹ lè fi fọ́ọ̀mù 1116 ka èyí tí ẹ san mọ́ ti Amẹ́ríkà, láìyọ owó iṣẹ́ kúrò. Ọ̀nà IRA á ṣí. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó ṣírò rẹ̀ bí ti Lúùkù 14:28: ẹni tí ó bá kọ àǹfààní àkọ́kọ́ sílẹ̀ kò lè padà sí i fún ọdún 5 láìgba àṣẹ.

Ẹni tí owó orí rẹ̀ kéré nísinsìnyí, Roth IRA ni ó sàn fún un jù: ó ń san owó orí lónìí, kì í san án lọ́jọ́ ogbó.

Bí gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí bá sé, ẹ fi owó pamọ́ sí àpò ìdókòwò lásán. Òfin kò dí i. Owó ìdágbére tí àwọn ilé iṣẹ́ Dubai ń san, owó ọjọ́ 21 fún ọdún kọ̀ọ̀kan nínú ọdún 5 àkọ́kọ́, ẹ má ṣe fi ṣe àríyá.

Ẹ wá amòye owó orí tí ó mọ òfin yìí. Jósẹ́fù gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, síbẹ̀ ó kó ọkà pamọ́. Alẹ́ wa yóò sàn ju òwúrọ̀ lọ, lórúkọ Jésù. Àmín.