Ọyẹ́ nìkan kọ́ ló ń ba èémí jẹ́ ní Malu Road

Bí ọyẹ́ bá ti wọ Èkó, láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, ètè á bẹ̀rẹ̀ sí í là, awọ ara á gbẹ, ikọ́ á gbòde, gbogbo ènìyàn á sì di ẹ̀bi ru ojú ọjọ́. Ní Malu Road, tó so Ajégúnlẹ̀ mọ́ Àpápá, ẹ̀sùn yìí rọrùn láti gbà gbọ́, torí pé lówùúrọ̀ ọjọ́ ọyẹ́, ojú kì í rí òpin títì. Mo gbà pé ọyẹ́ ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀ràn náà. Ohun tí n kò gbà ni pé ká gbé gbogbo ẹrù náà lé e lórí, ká wá jókòó títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi fọ ojú ọ̀run. Eruku tó ti ọ̀nà jíjìn wá ni ọyẹ́ ń kó bọ̀. Èéfín tó ń bá eruku náà wọ ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń jáde, ọwọ́ wa náà ló sì wà láti dín in kù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tọ ọyẹ́ dé orírun rẹ̀. Nígbà tí Yúróòpù àti àríwá Áfíríkà bá wà nínú ìgbà òtútù, aṣálẹ̀ Sàhárà náà máa ń tutù gan-an lóru. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo. Ó máa ń kóra jọ sórí Líbíyà àti àyíká rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò ṣàn lọ sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn, síhà etí òkun wa, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbóná tó sì fúyẹ́. Ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad, ọ̀wọ́ òkè méjì dúró lójú ọ̀nà rẹ̀: Tibesti, tí ṣóńṣó rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Emi Koussi ga ju 3,400 mítà lọ, àti Ennedi tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn rẹ̀. Àlàfo àárín àwọn òkè wọ̀nyí ni afẹ́fẹ́ náà ń gbà kọjá, ibẹ̀ há fún un, ló bá ń sáré. Ibi tó ń já sí ni àfonífojì Bodélé, ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ jù lọ ní Chad. Ní ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan sẹ́yìn, omi ló bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀, nígbà tí Adágún Chad ṣì fẹ̀ ju 300,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Karawun àwọn ẹ̀dá tíntìntín tó gbé inú omi náà ló di erùpẹ̀ funfun, tó fúyẹ́ débi pé wẹ́rẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń gbé e. Àwọn onímọ̀ gbà pé kò sí ojú kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ ayé tí eruku ti ń dìde tó Bodélé. Ó ń dìde níbẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ́dún.

Láti Bodélé dé Àpápá tó bíi 2,000 kìlómítà. Eruku tó wúwo á ti bọ́ sílẹ̀ ní Borno àti Kánò; èyí tó kúnná jù ni yóò dé etí òkun. Òmíràn kò tilẹ̀ dúró lọ́dọ̀ wa, ó ń sọdá òkun Àtìláńtíìkì lọ sí igbó Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ti ń ṣe ajílẹ̀ fún igi. Ìdí nìyí tí n kò fi lè pe ọyẹ́ ní ọ̀tá. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní ojú ọjọ́ fúnra rẹ̀ kò léwu kò mọ ìtàn wa. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 1973, ọkọ̀ òfuurufú tó ń kó àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ bọ̀ láti Jẹ́dà kò lè balẹ̀ sí Èkó nítorí ojú ọjọ́ tí kò dára. Wọ́n darí rẹ̀ sí Kánò, ibẹ̀ ló sì ti jábọ́ bó ṣe ń balẹ̀. Èèyàn 176 ló kú. Ikú irú èyí ń pariwo, ó ń wọ ìwé ìròyìn. Èyí tí mò ń sọ ní Malu Road kì í pariwo.

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ ọyẹ́ sí eruku nìkan. Ohun kejì tó ń ṣe kò hàn sójú, òun ló sì léwu jù fún ìlú ńlá. Lóru ọjọ́ ọyẹ́, ìkùukùu kì í pọ̀ lójú ọ̀run, afẹ́fẹ́ á sì gbẹ, nítorí náà ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án á sá kúrò kíákíá. Afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ ilẹ̀ á wá tutù ju èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ mìíràn, afẹ́fẹ́ gbígbóná ìsàlẹ̀ ló ń gòkè tó sì ń gbé èéfín lọ. Ṣùgbọ́n bí ìsàlẹ̀ bá tutù tí òkè sì gbóná, kò sí ohun tí yóò gbé e sókè mọ́. Ipele gbígbóná yẹn á dé ìlú mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Ó di ìgbà tí oòrùn bá ta dáadáa kó tó ṣí. Kó tó ṣí yìí gan-an ni àwọn ọmọ ń rìn lọ sílé-ìwé, tí tírélà ń tò lọ sí wọ́ọ̀fù, tí jẹnẹrétọ̀ tó ṣiṣẹ́ mọ́jú kò tíì dákẹ́. Ẹ fi kún un pé òjò tó máa ń fọ afẹ́fẹ́ láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá kò sí nígbà náà. Ohun tí a bá tú jáde lówùúrọ̀, àwa náà la óò fà á símú.

Báńkì Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2020 nípa afẹ́fẹ́ Èkó. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 11,200 èèyàn ló kú láìtọ́jọ́ ní 2018 nítorí afẹ́fẹ́ tó bàjẹ́, àti pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló kó bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Òtútù àyà àti àwọn àrùn èémí mìíràn ló pọ̀ jù nínú ohun tó pa àwọn ọmọ wọ̀nyí. Owó tí ìpínlẹ̀ náà pàdánù tó bílíọ̀nù 2.1 dọ́là. Ohun tí wọ́n wọ̀n ni ìyẹ̀fun tíntìntín inú afẹ́fẹ́, irú èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú ọgbọ̀n irun orí lọ, tí irun imú kò lè dá dúró, tó ń wọlé tààrà dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ìpíndọ́gba rẹ̀ fún ọdún kan jẹ́ máíkírógíráàmù 68 nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan. Gbèdéke tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ nígbà náà jẹ́ 10. Ní 2021 wọ́n tún dín in kù sí 5. Àwọn olùwádìí náà kò sì dárúkọ ọyẹ́ ṣáájú. Ọkọ̀ ojú pópó, ilé-iṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́ka sí.

Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló yí Malu Road ká. Ní 1926 ni wọ́n ṣí èbúté Àpápá, èbúté Tin Can sì tẹ̀lé e ní 1977. Lónìí, ojú títì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù Nàìjíríà ń gbà jáde, àwọn àgbà ojò epo sì wà nítòsí wọ́ọ̀fù, tí táńkà ń wá gbé epo níbẹ̀ láti gbogbo ìpínlẹ̀. Tírélà tó ń rìn ń tú èéfín, èyí tó dúró sójú kan tí kò pa ẹ́ńjìnì ń tú u sí ẹnu ọ̀nà onílé. Ajégúnlẹ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ àdúgbò tí ilé ti fún pọ̀, tí yàrá kan ń gba ẹbí kan, tí fèrèsé sì kọjú sí títì tàbí sí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Kò sí ibi tí ọmọ ọwọ́ lè sá sí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, ẹ̀ka ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé fi èéfín dísẹ́ẹ̀lì sí ìpele kìíní, ìyẹn àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ.

Epo tí a ń sun tún burú ju bó ṣe yẹ lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin Nàìjíríà gba ìmí-ọjọ́ tó tó 3,000 nínú mílíọ̀nù kan láàyè nínú dísẹ́ẹ̀lì, nígbà tí Yúróòpù kò gbà ju 10 lọ láti 2009. Ìlọ́po ọ̀ọ́dúnrún nìyẹn. Ìmí-ọjọ́ yìí, tó bá jóná, á yí padà di ìyẹ̀fun tíntìntín nínú afẹ́fẹ́, á sì fa ọ̀rinrin òkun mọ́ra. Ó wà lára ohun tó ń mú kí kùrukùru etí òkun ki. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, Nàìjíríà, Gánà, Benin, Tógò àti Côte d'Ivoire jọ fẹnu kò ní Àbújá pé kí epo tó ń wọlé má ṣe ní ju 50 lọ mọ́. Ìpinnu náà dára. Wọ́n sún un síwájú, wọ́n tún sún un, ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n sì ti bí sí Ajégúnlẹ̀ láàárín ìgbà náà.

Àwọn kan á ní àwọn baba ńlá wa fa ọyẹ́ símú, wọ́n sì dàgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èéfín ìlú ńlá kò bá eruku tí wọ́n fà rìn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ rí ohun tí òtútù ń ṣe nígbà tó bá bá èéfín ìlú pàdé, kó wo Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé lónìí. Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1952, afẹ́fẹ́ tútù dúró sójú kan lórí ìlú náà, ipele gbígbóná òkè rẹ̀ sì dé èéfín èédú ilé àti ti ilé-iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ìjọba kọ́kọ́ kà á sí bí 4,000 òkú. Ìṣirò àwọn onímọ̀ lẹ́yìn náà gbé e dé nǹkan bí 12,000. Kùrukùru kì í ṣe àjèjì sí Lọ́ńdọ̀nù, òtútù sì ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé. Èéfín ni ohun tó yàtọ̀. Ilé aṣòfin wọn ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní 1956, wọ́n yan àwọn àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti sun èédú eléèéfín mọ́. Òtútù ṣì ń wá ní gbogbo oṣù Kejìlá. Ikú tó pọ̀ tó ti 1952 kò padà wá.

Àtakò kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ọjọ́ tí ọyẹ́ bá ki gan-an, eruku Bodélé ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ̀rọ bá wọ̀n, kì í ṣe èéfín. Kí ni ká wá máa yọ tírélà lẹ́nu sí? Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní Èkó, nítorí afẹ́fẹ́ òkun máa ń lé ọyẹ́ padà sí òkè ọya, nígbà tó jẹ́ pé èéfín kò ní ọjọ́ ìsinmi. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀dọ̀fóró kì í ka ẹrù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ tó ní ikọ́ fée, tí eruku ti gba ìdajì agbára èémí rẹ̀, kò lè fara da èéfín tí ìbá fara dà ní oṣù Keje. Nígbà tí ẹrù kan bá ti dé tí a kò lè sọ̀ kalẹ̀, èyí tí a lè sọ̀ ló yẹ ká yára sọ̀.

Nípa afẹ́fẹ́ òkun yìí, ó yẹ ká má gbójú lé e jù. Ọ̀sán ló ń fẹ́ wá. Lóru títí di òwúrọ̀, ilẹ̀ ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí òkun, afẹ́fẹ́ tí èéfín ti wọ̀. Bí ọ̀sán bá dé tí òkun sì ń fẹ́ padà, lára ohun tó gbé lọ lóru ni yóò tún gbé bọ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ ni mo mọ̀ pé ó máa ń dun àwọn ará àdúgbò jù. Awakọ̀ tírélà, ọmọ ọkọ̀, mẹkáníìkì, olóúnjẹ ẹ̀bá títì, gbogbo wọn ló ń jẹ lára wọ́ọ̀fù, ẹni tó ń ta ọtí tútù kò sì lè pa jẹnẹrétọ̀ kí iná ìjọba tó dé. Ẹni tó bá ní ká lé ọkọ̀ kúrò kò fẹ́ràn wọn. Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀. Epo tí ìmí-ọjọ́ rẹ̀ kéré kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ kankan. Ojú irin tó ti èbúté Àpápá lọ sí Ìbàdàn wà nílẹ̀. Gbogbo kọ̀ǹténà tó bá gba ibẹ̀ lọ ti yọ ẹ́ńjìnì kan kúrò lójú títì. Ètò ìpè tírélà orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n sọ ní Ètò, tí àjọ tó ń mójú tó èbúté bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2021, ti fi hàn pé ọkọ̀ lè dúró sí ibùdó títí àkókò rẹ̀ yóò fi pé, dípò kó sun ojú títì.

Ètò yìí kan náà ni mo rò pé a lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ kí ọyẹ́ tó ń bọ̀ tó dé. Àjọ NiMet, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ń sọ tẹ́lẹ̀ bí eruku yóò ṣe rí fún ọjọ́ mẹ́ta síwájú, àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú sì ń lò ó láti pinnu bóyá wọ́n á gbéra tàbí wọ́n á dúró. Ọjọ́ mẹ́ta tó láti sún àkókò ìpè tírélà láti òwúrọ̀ kùtùkùtù sí ọ̀sán, nígbà tí oòrùn ti ṣí ojú ọ̀run. Ó tó láti sọ fún àwọn olùkọ́ ní àgbàlá ilé-ìwé Tolu ní Ajégúnlẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe to ọmọ sórí pápá fún eré ìdárayá lówùúrọ̀, kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní ikọ́ fée sì wá oògùn rẹ̀ sílé. Ohun tó kù ni pé kí àjọ LASEPA, tó ń rí sí àyíká ní Èkó, gbé ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ sí ojú Malu Road, kó máa kéde ohun tó bá wọ̀n lójoojúmọ́ lórí rédíò, ní Yorùbá àti ní pidgin, bí a ṣe ń kéde iye tí wọ́n ń ta epo.