Ìbéèrè méje tí wọ́n ń bi akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe magasíìnì orin, gbogbo oníṣòwò ló yẹ kó dáhùn wọn

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí òwò mọ̀ pé pé ọjà rẹwà ò ní kí wọ́n rà á. Aṣọ tó dára gan-an wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí eruku ti bò ó, bẹ́ẹ̀ ni búrẹ́dì tí kò fi bẹ́ẹ̀ wu ojú ń tán nílẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù. Ohun tó sábà máa ń fa ìyàtọ̀ ni pé ẹnì kan ti bi ara ẹ̀ léèrè pé ta ló fẹ́ ta ọjà náà fún, ẹnì kejì ò bi ara ẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ iléèwé tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tàbí mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi ìbéèrè yìí dán wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Magasíìnì orin ni wọ́n sì fi dán ọ̀pọ̀ nínú wọn wò.

OCR, ọ̀kan lára àwọn àjọ tó ń ṣètò ìdánwò lọ́hùn-ún, ló gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ fáwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Media Studies. Láti ọdún 2008 ni, títí tí ètò ẹ̀kọ́ tuntun fi gbapò ẹ̀ ní 2017. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ojú ìwé àkọ́kọ́ magasíìnì iléèwé, pẹ̀lú fọ́tò akẹ́kọ̀ọ́ kan, àti bí ojú ìwé tó ń tọ́ka sí ohun tó wà nínú ẹ̀ ṣe máa rí. Ìyẹn kàn jẹ́ ìdánrawò. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gangan á dé: ojú ìwé àkọ́kọ́ magasíìnì orin tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe rí, ojú ìwé àtọ́ka, àti ìròyìn kan tó gba ojú ìwé méjì tó kọjú síra. Kò gbọdọ̀ jí fọ́tò kó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò tó fọwọ́ ara ẹ̀ yà, tí kò dín ní mẹ́rin, ló gbọ́dọ̀ lò, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ẹ̀.

Ibi tó yẹ kí oníṣòwò fetí sí ni bí wọ́n ṣe pín máàkì. Nínú ọgọ́rùn-ún máàkì, ọgọ́ta ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún magasíìnì fúnra ẹ̀. Ogún wà fún ìwádìí àti ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀, ogún tó kù wà fún àyẹ̀wò tó ṣe lẹ́yìn tó parí. Ìyẹn ni pé bí magasíìnì ẹnì kan bá dára tó èyí tó wà lọ́jà, tí kò bá wádìí ṣáájú, tí kò sì yẹ iṣẹ́ ara ẹ̀ wò lẹ́yìn, ogójì máàkì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ká ní wọ́n ń fún àwọn ilé ìtajà wa ní máàkì báyìí ni, ọ̀pọ̀ ni ì bá fìdí rẹmi níbi ogójì yẹn.

Ìwádìí ló kọ́kọ́ máa ń gba àkókò. Akẹ́kọ̀ọ́ á kó àwọn magasíìnì tó ti wà lọ́jà jọ, á tú wọn wò bí ẹni ń tú aṣọ tí télọ̀ mìíràn rán. Ó máa rí i pé orúkọ magasíìnì máa ń wà lókè, ní lẹ́tà gàdàgbà. Ó máa rí i pé ẹni tí wọ́n gbé fọ́tò ẹ̀ sójú ìwé sábà máa ń wo ẹni tó fẹ́ ra ìwé lójú kòrókòró. Ó tún máa rí i pé àwọ̀ ojú ìwé kì í sábà ju mẹ́ta lọ. Pupa, dúdú àti funfun ni wọ́n mọ̀ mọ́ NME, lẹ́tà funfun kan ṣoṣo nínú igun pupa sì ni wọ́n fi ń dá Q mọ̀ láti òkèèrè. Orúkọ Q yìí náà ní ìtàn tiẹ̀. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1986 ti kọ́kọ́ ní orúkọ mìíràn lọ́kàn, Cue, ṣùgbọ́n wọ́n gé e sí lẹ́tà kan, nítorí pé lẹ́tà kan tó tóbi á tètè hàn láàárín ọgọ́rùn-ún ìwé tó wà lórí pẹpẹ.

Ohun kan wà tí ojú lásán kì í tètè rí. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ńṣe ni wọ́n máa ń to magasíìnì léra wọn, tí ọ̀kan á bo apá kan èkejì. Apá òsì ojú ìwé ló sábà máa ń yọ síta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé apá òsì ni kó kó ọ̀rọ̀ tó lè fa oníbàárà sí. Oníṣòwò tó ń ṣe ọṣẹ, àgbo tàbí gààrí inú ọ̀rá lè fi èyí ṣọgbọ́n: kó lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọjà ẹ̀, kó dúró síbi tí oníbàárà máa ń dúró, kó wo apá ibi tó ń hàn nínú páálí tàbí ọ̀rá tó ná owó lé lórí. Ó lè rí i pé orúkọ òun gan-an ló fara pamọ́ sẹ́yìn ọjà ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn èyí, akẹ́kọ̀ọ́ á tọ àwọn tó rò pé wọ́n máa rà á lọ. Á pín ìwé ìbéèrè fún wọn: irú orin wo lẹ ń gbọ́? Èló lẹ lè san? Orúkọ wo ló wù yín nínú mẹ́ta yìí? Níbí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú, nítorí pé ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ni wọ́n máa ń bi, ọ̀rẹ́ kì í sì fẹ́ já ọ̀rẹ́ kulẹ̀. Oníṣòwò tó jẹ́ pé ìyàwó, ẹ̀gbọ́n àti ọmọ ìjọ ẹ̀ nìkan ló bi léèrè bóyá oúnjẹ òun dùn, ìdáhùn kan náà ló máa gbọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, tó sì máa yọ owó lápò ara ẹ̀, ló máa sọ òótọ́ fún un.

Nígbà tí magasíìnì bá parí, ìbéèrè méje ló ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́. Èkíní: níbo ni iṣẹ́ rẹ ti bá èyí tó wà lọ́jà mu, níbo lo sì ti yà kúrò? Èkejì: irú èèyàn wo ni iṣẹ́ rẹ fi hàn, báwo lo sì ṣe fi wọ́n hàn? Ẹ̀kẹta: irú iléeṣẹ́ wo ló lè bá ọ gbé e dé ọjà, kí nìdí? Ẹ̀kẹrin: ta ló máa rà á? Ẹ̀karùn-ún: báwo lo ṣe fa ẹni náà mọ́ra? Ẹ̀kẹfà: kí lo kọ́ nípa àwọn ẹ̀rọ tó o lò, bíi kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà? Èkeje: tó o bá wo magasíìnì iléèwé tó o fi ṣe ìdánrawò, kí lo ti mọ̀ báyìí tó ò mọ̀ nígbà yẹn?

Ẹ̀kẹta ló máa ń da àwọn ọmọ náà láàmú jù. Láyé ìgbà yẹn, iléeṣẹ́ IPC ló ni NME, Bauer ló sì ni Q àti Kerrang! lẹ́yìn tó rà wọ́n lọ́wọ́ EMAP ní 2008. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe magasíìnì orin rọ́ọ̀kì á sáré kọ ọ́ pé Bauer ni òun máa gbé e fún, torí iléeṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n Bauer ti ní Kerrang!, tó jẹ́ orin rọ́ọ̀kì náà ni ọjà ẹ̀. Kí ló fẹ́ fi òmíràn ṣe? Bí ẹni tó ń ṣe omi inú ọ̀rá bá gbé e lọ fún ìyá oníṣọ́ọ̀bù tó ń ta omi ọmọ tiẹ̀, ẹ̀rín lásán ni yóò gbà bọ̀. Ìdáhùn tó dáa ni èyí tó wá ibi tí àyè ti ṣófo: iléeṣẹ́ tó ní ọ̀nà láti dé ọjà, àmọ́ tí kò tíì ní irú ọjà yẹn nínú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Èkeje náà ò kéré. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Télọ̀ tó tọ́jú fọ́tò aṣọ tó rán lọ́dún àkọ́kọ́, tó ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó rán lóṣù tó kọjá, á mọ ibi tí ọwọ́ òun ti dán sí i àti ibi tí àṣìṣe àtijọ́ ṣì wà. Èyí tí kò tọ́jú nǹkan kan á máa rò pé òun ń tẹ̀ síwájú, nígbà tó jẹ́ pé ojú kan náà ló wà.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọjà máa ń bi èèyàn, tí kò sí nínú méje yìí: ta ló máa san owó ẹ̀? Ká sọ pé ọ̀dọ́ kan nílùú Èkó kó magasíìnì orin lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, ó tẹ ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀dà, ẹ̀dà kan sì jẹ ẹ́ ní ₦1,500. Mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ti lọ nìyẹn. Ó fẹ́ tà á ní ₦2,500, ẹni tó ń bá a tà á lójú títì á mú ₦500 nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ló máa kàn án. Kí owó tó fi tẹ̀wé tó pé, ó gbọ́dọ̀ ta 750. Tó bá ta 400, ₦800,000 ló máa wọlé, ₦700,000 ti wọlẹ̀ nìyẹn, ẹ̀dà 600 á sì máa wò ó nínú yàrá. Àmọ́ tó bá ti rí oníṣòwò méjì tí wọ́n san ₦350,000 lọ́kọ̀ọ̀kan fún ìpolówó kó tó lọ tẹ̀wé, 400 tó tà yẹn náà ti bo gbèsè. Irú ìṣirò yìí ló yẹ kó ṣáájú fọ́tò àti àwọ̀.

Ẹnì kan wà tó fi magasíìnì akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Richard Branson ṣì wà níléèwé Stowe nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ètò magasíìnì tó pe orúkọ ẹ̀ ní Student, ẹ̀dà àkọ́kọ́ sì jáde ní oṣù kìíní, ọdún 1968. Tẹlifóònù ìta tó wà níléèwé ló ń lò láti fi bẹ àwọn iléeṣẹ́ pé kí wọ́n wá polówó ọjà. Magasíìnì náà ò sọ ọ́ di olówó. Ṣùgbọ́n ní 1970, ó polówó àwo orin nínú ẹ̀, pé àwọn máa fi ránṣẹ́ sí èèyàn láti ilé ìfìwéránṣẹ́ ní owó tó dín sí ti ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni owó ti ń wọlé. Dípò kó rọ̀ mọ́ magasíìnì torí pé òun ló kọ́kọ́ fẹ́ràn, ó tẹ̀ lé ibi tí oníbàárà ń lọ. Nígbà táwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1971, tí àwo ò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ oníbàárà mọ́, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òpópónà Oxford ní London. Ní 1973, Virgin gbé àwo Tubular Bells tí Mike Oldfield ṣe jáde. Ní 1992, ó ta Virgin Records fún EMI.

Nílé níbí náà, Hip Hop World tí Ayo Animashaun dá sílẹ̀ láwọn ọdún 1990 ò jókòó sórí títa ìwé nìkan. Láti inú magasíìnì náà ni àmì-ẹ̀yẹ Hip Hop World Awards ti jáde ní 2006, òun ni wọ́n mọ̀ sí The Headies lónìí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe lẹ́ẹ̀kan kó fi sílẹ̀. NME bẹ̀rẹ̀ ní 1952, nígbà tó fi máa di 1964, ó ń ta ju 300,000 lọ lọ́sẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó di 2015, bíi 15,000 ló kù. Ó di ọ̀fẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ìtẹ̀jáde ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ sì dópin ní 2018, ó kù sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Smash Hits tó bẹ̀rẹ̀ ní 1978 kógbá wọlé ní 2006, Q náà sì dákẹ́ ní 2020. Ọ̀rọ̀ inú orin tí àwọn ọ̀dọ́ ń torí ẹ̀ ra Smash Hits ti di ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Magasíìnì ò bàjẹ́, ẹni tó ń rà á ló ṣí lọ.

Nítorí náà, kí oníṣòwò tó bá fẹ́ jèrè ẹ̀kọ́ yìí mú ìwé kan, kó kọ ìbéèrè méje yẹn sí i, kó fi ẹ̀kẹjọ kún un: ta ló ń san owó ẹ̀, ṣé ó tó? Kó yan ọjà kan ṣoṣo nínú ọjà ẹ̀. Kó bi oníbàárà márùn-ún tí kì í ṣe ẹbí ẹ̀, kó kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, títí kan èyí tó dùn ún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kó tún bi wọ́n. Bí ìdáhùn bá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, kó yára wá ìdí ẹ̀, kó tó di pé àwọn oníbàárà fẹsẹ̀ dáhùn fún un.