Ìwé Náà Ń Fẹ́ Elégbè

Kò sí ẹni tó ń dá pa àlọ́. Bí ìyá àgbà bá ké "Àlọ́ o!", tí kò rí ẹni dáhùn "Àlọ̀!", eré tán nìyẹn. Kó tó kan Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, àlọ́ àpamọ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi la àwọn ọmọ lójú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á pariwo, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa gbìyànjú. Bí ìtàn bá dé ibi orin, àwọn ọmọ ló ni ègbè. Bó bá parí, ìyá àgbà á bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí kọ́, wọn á sì máa jiyàn bóyá Ìjàpá jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí ẹnu rẹ̀ kò tíì là dáadáa mọ ibi tó yẹ kóun ti gbè é.

Ìwé wọlé, gbogbo rẹ̀ yí padà. Àgbà á ní, "Kà á!" Ọmọ á máa wojú àgbà kó lè mọ̀ bóun ti ṣì í. Tàbí kí àgbà máa kà á lọ, kí wọ́n ní kí ọmọ dákẹ́ kó gbọ́. Láwọn ilé mìíràn, inú báàgì ilé-ẹ̀kọ́ ni ìwé ń sùn di ọjọ́ Ajé, kó má baà ya.

Mo rò pé ọ̀nà tí ìwé gbà dé etíkun Àgbádárìgì wà lára ohun tó fà á. Ní 1842 ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Wesley, gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú William De Graft, ọmọ Fante. Nígbà tó di 1843, De Graft àti ìyàwó rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn ọmọdé níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ẹ̀kọ́ ló mú ìwé wá bá wa, ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì náà ló sì dúró sí. A kò pè é wá jókòó níbi tí a ti ń pa àlọ́.

Ní Gbaji, lójú ọ̀nà tó ti Àgbádárìgì lọ sí ẹnubodè Seme, ọ̀rọ̀ náà tún le díẹ̀ sí i. Èdè Ògù, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Ègùn, ni ọ̀pọ̀ ọmọ àgbègbè yẹn bá lẹ́nu ìyá wọn. Wọ́n ń gbọ́ Yorùbá lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú ìwé, Faransé sì wà lódì kejì ẹnubodè. Bí wọ́n bá fi ìwé Gẹ̀ẹ́sì lé ọmọ ọdún mẹ́rin lọ́wọ́, iṣẹ́ méjì ni wọ́n fún un lẹ́ẹ̀kan náà: kó mọ bí a ti ń ka lẹ́tà, kó sì tún gbọ́ èdè tí lẹ́tà náà ń sọ. Ẹrù yẹn wúwo fún orí kékeré.

Ní 1988, Grover Whitehurst ti Yunifásítì Stony Brook ní ìpínlẹ̀ New York, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé ìwádìí kan jáde. Àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín oṣù 21 sí 35 ni wọ́n wò. Gbogbo òbí wọn ló ń kàwé fún wọn nílé. Wọ́n ní kí apá kan máa kà á bó ṣe mọ́ wọn lára. Wọ́n kọ́ apá kejì pé kí wọ́n má dá kà á mọ́: kí wọ́n bi ọmọ ní ìbéèrè tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n gba ohun tó bá sọ, kí wọ́n fi díẹ̀ kún un, kí ọmọ sì tún un sọ. Kò ju oṣù kan lọ tí àwọn ọmọ tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè fi ta àwọn yòókù yọ nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Ní 1992, ìwádìí irú rẹ̀ jáde láti Mẹ́síkò, láàárín àwọn ọmọ tálákà tí wọ́n ń tọ́jú nílé ìtọ́jú ọmọ, ọ̀nà náà sì ṣiṣẹ́ fún àwọn náà.

Ẹni tó bá ti jókòó sídìí àlọ́ rí yóò dá ọ̀nà yìí mọ̀. Ìwé nìkan ló ṣàjèjì níbẹ̀.

Ká ní ìyá kan ní Gbaji ṣí ìwé síbi àwòrán odò, tó sì fi Ègùn bi ọmọ rẹ̀ pé, "Kí lo rí?" Ọmọ ní, "Ọkọ̀." "Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ ni. Apẹja méjì ló wà nínú rẹ̀. Kí ni wọ́n ń ṣe?" "Àwọ̀n." "Wọ́n ń ju àwọ̀n sódò. Ìwọ náà sọ ọ́." Bí ọmọ bá wá fi ìwé sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹja tí bàbá rẹ̀ pa, kí ìyá má dá a lẹ́kun. Ìtàn yẹn gan-an ni wọ́n ń wá.

Ó máa ń dùn mí bí ìyá bá ní, "Èmi ò kàwé," tó sì ti ọmọ sọ́wọ́ tíṣà. Àwòrán kò ní èdè. Ìyá tí kò mọ lẹ́tà kan lè ṣe gbogbo èyí, kó sì ṣe é dáadáa.

Ọ̀rọ̀ sísọ nìkan kò ní kí ọmọ mọ A B D o. Ó ṣì yẹ kí ẹnì kan fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀, kó pè é ní sílébù kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n èdè tí ọmọ ti gbọ́ ló yẹ kí iṣẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí Yorùbá ṣe fún ọmọ Ifẹ̀, Ègùn lè ṣe é fún ọmọ Gbaji.

Ìwé wá ńkọ́? African Storybook, tí àjọ Saide ní Gúúsù Áfíríkà dá sílẹ̀, ní ìtàn alátàwòrán lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Yorùbá wà lára àwọn èdè rẹ̀, fóònù sì lè ṣí i. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí a fọwọ́ ṣe nílé. Ẹ ká bébà mẹ́rin sí méjì, ẹ fi òwú àwọ̀n rán an láàárín. Kí ọmọ sọ ìtàn rẹ̀ ní Ègùn, kí ẹ̀gbọ́n tó ti ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, gbólóhùn kan lójú ewé kan, ní lẹ́tà ńlá, kí ọmọ ya àwòrán rẹ̀ sókè. Ẹ kà á pẹ̀lú rẹ̀ lálẹ́. Tó bá di alẹ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ yí ọ̀rọ̀ kan padà, ẹ ó rí i pé á gba ìwé náà lọ́wọ́ yín, á fi ìka sórí ọ̀rọ̀ tí ẹ yí padà, á sì pè é fún yín.