Nígbà Tí Igba Ojú Di Mẹ́rin: Òbí àti Kónílé-ó-gbélé ní Barking

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí ẹgbẹ́ mi ní Barking àti Dagenham níbí kì í fẹ́ bi síta: kí ló dé tí ọmọ tí a fi àdúrà bí fẹ́rẹ̀ẹ́ sú wa nígbà kónílé-ó-gbélé Kòrónà? Tìtìjú-tìtìjú ni wọ́n fi ń bi í. Àwọn kan rò pé àwọn ò ní sùúrù tó, àwọn mìíràn ní bóyá àyà àwọn ló le. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ìdáhùn tó yàtọ̀ sí ìyẹn, òun la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 2020 ni ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sílé-ìwé kẹ́yìn. Àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn ò ṣeé dá dúró, bíi nọ́ọ̀sì, àti àwọn ọmọ tó nílò ààbò nìkan ló ṣì lè máa lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 23, Boris Johnson, olórí ìjọba, kéde kónílé-ó-gbélé. Wọ́n ti pápá ìṣeré ọmọdé pa, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ la sì lè jáde lọ ṣeré ìdárayá. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni Nàìjíríà ti pápákọ̀ òfurufú Èkó àti Àbújá fún ọkọ̀ òkèèrè, wọn ò sì ṣí i títí di oṣù kẹsàn-án. Ìyá-àgbà tó ti di ẹrù láti wá bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní Dagenham, ilé ló jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àdúgbò wa gan-an. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2021, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ kankan ní England àti Wales tí ìdá àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 pọ̀ tó ti Barking àti Dagenham. Bí ẹ bá ka èèyàn mẹ́rin níbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọmọdé ni ọ̀kan nínú wọn.

Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Cathy Creswell ti Yunifásítì Oxford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tí wọ́n pè ní Co-SPACE. Oṣooṣù ni wọ́n ń bi àwọn òbí léèrè bí ọkàn wọn àti ti ọmọ wọn ṣe rí. Kí ni wọ́n rí? Ìdààmú ọkàn òbí lọ sókè nígbà tí ilé-ìwé tì, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn ṣì kéré. Ó wálẹ̀ nígbà tí òfin dẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ti ilé-ìwé pa ní oṣù kìíní ọdún 2021, ó tún gòkè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa: tó bá jẹ́ pé ìwà òbí ló burú, ṣé ìwà máa ń yí padà bí ìjọba ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé tó ń tì í ni?

Iṣẹ́ sọ́fítíwia ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n fi ṣàlàyé. Server kan ṣoṣo kọ́ ló ń dá gbogbo oníbàárà ìkànnì ńlá lóhùn. A máa ń pín ẹrù náà sórí ọ̀pọ̀ server ni. Tí ẹ bá pa mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ẹyọ kan tó kù á kọ́kọ́ máa lọ́ra, á máa já iṣẹ́ kan sílẹ̀, kó tó wá dákú. Kò sí onímọ̀ ẹ̀rọ gidi tó máa bú server yẹn pé ọ̀lẹ ni. Ẹrù tó wà lórí rẹ̀ ló máa wò.

Àwọn àgbà wa ti mọ èyí tipẹ́: ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Níbí, igba ojú wa ni tíṣà, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, àǹtí tó ń bá wa mú ọmọ láti ilé-ìwé. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, igba ojú di mẹ́rin. Nílé òbí tó ń dá tọ́mọ, ó di méjì. Ojú yẹn náà ló tún gbọ́dọ̀ máa wo kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ ọ̀gá.

Ní yunifásítì UCLouvain ní Bẹ́ljíọ̀mù, Isabelle Roskam àti Moïra Mikolajczak ń ṣèwádìí bí iṣẹ́ òbí ṣe lè mu èèyàn gbẹ: àárẹ̀ tó kọjá àárẹ̀, kí ọmọ títọ́ sú ni, kí ọkàn jìnnà sí ọmọ, kí èèyàn máa wo ara rẹ̀ pé òun kọ́ ni òbí tí òun jẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní bí òṣùwọ̀n ló rí: ẹrù wà lápá kan, ìrànlọ́wọ́ wà lápá kejì. Tí apá ẹrù bá wúwo jù fún ìgbà pípẹ́, òbí á gbẹ. Ìwádìí wọn tó jáde ní ọdún 2021, tó kó òbí 17,409 jọ láti orílẹ̀-èdè 42, fi hàn pé níbi tí oníkálukú ti ń dá ṣe tirẹ̀ ni ìṣòro yìí ti pọ̀ jù. Àwa tí a ti ilẹ̀ igba ojú wá, òfin sọ wá di adáṣe lóru ọjọ́ kan.

Ìjọba náà padà rí i. Láti ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 2020, wọ́n gba òbí tó ń dá tọ́mọ láyè láti so ilé rẹ̀ pọ̀ mọ́ ilé kan mìíràn. Nígbà tó di oṣù kejìlá, wọ́n fi ilé tó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kún un. Nílé tiwa, WhatsApp la fi dá ojú kan padà. Láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìyá mi á máa pa àlọ́ fún àwọn ọmọ láti Ìbàdàn. Nẹ́tíwọ̀kì á já, Ìjàpá á há sórí igi, àwọn ọmọ á máa pariwo pé, "Màmá, a ò gbọ́ yín o!" Fóònù ò lè pọn ọmọ, kò sì lè wẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ogún ìṣẹ́jú yẹn ni èmi àti ìyàwó mi fi ń mí.

Kónílé-ó-gbélé ti lọ, ṣùgbọ́n ẹrù ò tíì kúrò lórí gbogbo òbí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé tí kò mọ ẹnì kankan wà láàárín wa, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé àwọn arúgbó náà wà. Tí ẹ bá rí òbí kan tí ẹ mọ̀ tó ń kanra mọ́ ọmọ rẹ̀, kí ẹ tó sọ pé kó ṣe sùúrù, ẹ bi í pé ojú mélòó ló ń bá a wo ọmọ náà. Tó bá ní méjì péré ni, ẹ fi tiyín kún un, kódà kó jẹ́ wákàtí kan lọ́sẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni iṣẹ́ òbí ti mu gbẹ, ẹ lọ bá dókítà yín sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì ké sí ẹni tó sún mọ́ yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹrù ló pọ̀, ẹ jẹ́ ká pín in.