Yọ Ọfà Kí O Tó Bèèrè Tafàtafà

Àwọn àgbà ní bí ìyà ńlá bá gbé ni ṣánlẹ̀, kékeré a máa gorí ẹni. Kò sí ọmọ ènìyàn tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn. Ọlọ́rọ̀ ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tálákà ń sunkún ní gbangba. Omi ojú kan náà ni. Ohun tí ó ya ọlọ́gbọ́n sọ́tọ̀ ni ìbéèrè tí ó ń béèrè nígbà tí ìyà bá dé.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde wa níhìn-ín, bí òwò bá dẹnu kọlẹ̀, tàbí tí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ohun tí a sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, “Ta ni ó wà nídìí rẹ̀?” A óò sá tọ ẹni tí yóò tọ́ka ọ̀tá sí wa. Kí a tó rí ẹni tí a óò dá lẹ́bi, ọgbẹ́ ti di egbò.

Ní ilẹ̀ Íńdíà, ní ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn, ọkùnrin kan wà tí à ń pè ní Buddha. Inú ọlá ni a bí i sí. Ṣùgbọ́n ìtàn sọ pé nígbà tí ó rí arúgbó, aláìsàn àti òkú, ó fi ọlá sílẹ̀ láti wádìí ìyà. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni ó fi lélẹ̀: ìyà ń bẹ, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ọkàn ni ó ń fà á, ó lè dópin, ọ̀nà sì wà tí ó lọ síbẹ̀, ọ̀nà ìwà títọ́ àti àṣàrò. Nígbà tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ń yọ ọ́ lẹ́nu bóyá ayé ní òpin tàbí kò ní, ó pa òwe fún un. A ta ọkùnrin kan ní ọfà olóró. Ó kọ̀ kí oníṣègùn yọ ọ́, àfi bí òun bá kọ́kọ́ mọ orúkọ tafàtafà, ìdílé rẹ̀ àti igi tí ó fi gbẹ́ ọrun rẹ̀. Kí ó tó gbọ́ èsì, ikú ti dé.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, nígbà tí Rẹ́mọ wà nínú Ìpínlẹ̀ Ìjẹ̀bú ayé Òyìnbó. Ní oṣù keje ọdún 1963, nígbà tí a ń gbọ́ ẹjọ́ ìdìtẹ̀ tí ìjọba pè é, jàm̀bá ọkọ̀ pa Ṣẹ́gun, àkọ́bí rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, a rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìdí láti máa ṣépè títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, òun ni. Ṣùgbọ́n ìwé àti gègé ni ó fà mọ́ra ní ẹ̀wọ̀n Kàlàbá. Kò jókòó ti “ta ni”. Ó béèrè pé kí ni ó ń ṣe Nàìjíríà, ó sì kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé lórí òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa, èyí tí ó jáde ní 1966, ọdún tí a dá a sílẹ̀. Nínú òmíràn tí ó jáde ní 1968, ó ní olórí gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìbínú, ìkórìíra àti ojúkòkòrò. Kristẹni ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí ti Buddha.

A kò wí pé kí ẹni tí a rẹ́ jẹ dákẹ́. Ẹni tí ó ti yọ ọfà lára ni ó lè ro ẹjọ́ rẹ̀ já gaara. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ rántí 1965, nígbà tí ìbínú ìbò sọ ilé àti ènìyàn di eérú ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ta ni iná náà wò sàn?

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ yìí wà. Ní 1927, Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ wọ Wesley College ní Ìbàdàn láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni. Ẹni tí kò kọ́ ìwé kíkà nígbà tí ara dẹ̀ ẹ́, kò lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ilé bá dàrú. Ẹ fún ọmọ ní ìwé tí kì í ṣe ti ìdánwò nìkan. Ẹ kọ́ ọ láti jókòó jẹ́ẹ́ kí ó ro ohun tí ó kà. Ìyà yóò dé bá a lọ́jọ́ kan. Kí ó bá ohun tí ó lè fi yọ ọfà lọ́wọ́ rẹ̀.